Wọ́n gbá wa lẹ́yìn, àwa náà sì gbá ti iwájú: ta ni kó sanwó?

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti gba oorun lójú mi, ẹnu àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn ò sì kò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Mo ní Sienna kan tá a fi ń kó ọjà láti Èkó, àbúrò mi ọkùnrin ló ń wà á fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, òun àti ọmọṣẹ́ mi obìnrin kan ń kó páálí ẹja bọ̀ láàárọ̀, wọ́n gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, títì ṣì ń yọ̀. Wọ́n ti kọjá Ìbàfò, wọ́n ń sún mọ́ Mowé, ni wọ́n bá ká tírélà kan tó ti kú mọ́ àárín ọ̀nà gan-an. Kò sí C-caution, kò sí ewé tútù tí wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀, iná rẹ̀ kankan ò tàn. Camry tó wà níwájú àbúrò mi rí i lójijì, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àbúrò mi náà tẹ tiẹ̀. Ó ní òun ti dúró, àlàfo ṣì wà láàárín òun àti Camry, àfi gbàà! Bọ́ọ̀sì elérò kan ti kọ lù ú lẹ́yìn, ó sì tì í lọ lu Camry.

Ẹ bá mi dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kú. Ọmọṣẹ́ mi ló forí gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, ọrùn rẹ̀ ò sì tíì yí dáadáa títí di òní. Búùtù Sienna ti wọlé dé ìdí àga ẹ̀yìn. Níwájú, bọ́ńpà fọ́, iná kan fọ́, rédíétọ̀ ń jò. Ẹja ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń ro ẹjọ́ lábẹ́ oòrùn ni yìnyín ti yọ́ tán, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìjà tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọ̀gá tó ni Camry ní mọ́tò mi ló gbá òun, òun ò bá bọ́ọ̀sì kankan ṣe ẹjọ́, kí n mú ₦650,000 wá. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ní àbúrò mi ló dúró gbàgà láì wo ẹ̀yìn. Wọ́n kó gbogbo wọn dé tẹ́ṣàn. Ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé màá san owó Camry láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti àbúrò mi mọ́lé, Sienna ò sì ní jáde. Mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ti gbá mọ́tò lẹ́yìn ti jẹ̀bi, kò sí àlàyé mọ́? Èmi tí mo wà nídìí ìsọ̀ mi nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ló kàn mí nínú ẹ̀? Mo san ₦15,000 fún third party, ìnṣọ́ráǹsì mọ́tò, lọ́dún yìí, ọwọ́ ọkùnrin kan tó máa ń jókòó síta ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe pátíkúlà mọ́tò ni mo ti gbà á. Ṣé ó wúlò fún irú èyí? Ohun kan tún kù: láísẹ́ǹsì àbúrò mi ti parí láti oṣù kejì. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ti gbọ́, ìyẹn ló ń fi halẹ̀ mọ́ wa.

Kọ́lá Ìjòkò

Ẹ kú ewu o, Mọ̀mí. Tèmi ni pé kí ẹ bá ọ̀gá Camry dúnàádúrà, ẹ fún un ní 300,000, kí ẹ gba mọ́tò yín jáde, kí ọjà lè máa lọ. Mo mọ ẹni tí mọ́tò rẹ̀ wà ní tẹ́ṣàn títí koríko fi hù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó tán, wọ́n ti yọ bátìrì rẹ̀ lọ. Gbogbo dírẹ́bà ló sì mọ̀ pé ẹni tó gbá ni lẹ́yìn ló ń sanwó.

Panẹ́bítà Múṣín

Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ má bínú, mi ò gbà yín gbọ́ lórí èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mọ́tò tó gbára. Kí oníṣẹ́ tó fi òòlù kàn án, ara mọ́tò ti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀gá Camry, kí ẹ béèrè ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú sùúrù: "Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ gbọ́ gbàà?" Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín ló kọ́kọ́ gbá a fúnra rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì wá dé lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa mì í. Tó bá jẹ́ pé Sienna ti dúró jẹ́ẹ́, tí bọ́ọ̀sì wá tì í, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Èèyàn kì í gbàgbé irú ìgbátí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti gbára. Mọ́tò tí bíréèkì bá mú lójú ìrìn, imú rẹ̀ máa ń wọlẹ̀. Bí Sienna bá gbá Camry níbi tó ti ń tẹ bíréèkì lọ, bọ́ńpà rẹ̀ á wọ abẹ́ bọ́ńpà Camry, ẹ ó sì rí àpá rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá ti dúró tán, imú á ti padà gbéra, bọ́ńpà á kan bọ́ńpà. Mi ò ní sọ pé èyí nìkan tó, ẹrù inú mọ́tò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi kún ti àkọ́kọ́, ó ń lágbára.

Búùtù tó wọ inú dé ìdí àga, tí iwájú sì jẹ́ bọ́ńpà àti iná nìkan? Agbára tó bọ́ sí ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ fíìfíì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, láti òkèèrè àti láti ìtòsí. Ẹ ya ọ̀dà bọ́ọ̀sì tó lẹ̀ mọ́ búùtù yín, ẹ ya nọ́ńbà mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na irin kankan títí di ìgbà tí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

₦650,000 yẹn náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kí ọ̀gá náà kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: bọ́ńpà mélòó, iná ẹ̀yìn mélòó, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dà. Kí oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá iye lé e. Mo ti rí i rí kí wọ́n fi àpá àtijọ́ kún tuntun.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn o. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí ní tẹ́ṣàn pé ẹ ó sanwó, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́ pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì yín náà lè torí ẹ̀ bínú yọwọ́, nítorí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé àdéhùn wọn pé oníbàárà ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé àwọn mọ̀ sí i.

Ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ láti wádìí bóyá ẹnì kan wakọ̀ níwàkuwà, torí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Owó àtúnṣe mọ́tò jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹni àti ẹnì kejì. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn lórí kìkì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí lórí àdéhùn tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn ìwàkuwà lọ́wọ́, kí wọ́n gbé àbúrò yín lọ kóòtù. Wọn ò lè fi àtìmọ́lé bá ẹnikẹ́ni gba owó. Béèlì ò sì gbowó.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá sọ. Òótọ́ ni pé ojú ẹni tó gbá ni lẹ́yìn ni kóòtù máa ń kọ́kọ́ wò, torí òun ló yẹ kó fi àlàfo sílẹ̀ kó lè rọ́nà dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ ni o, kò tíì di ìdájọ́. Ẹni tó ń béèrè owó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kejì kùnà níbi ìṣọ́ra tó yẹ kó ní sí àwọn tí wọ́n jọ ń lo títì, pé ìkùnà yẹn gan-an ló sì fa òfò òun. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: bí ọ̀gá Camry bá ti dákẹ́ sórí "Sienna ló kàn mí", ìdajì ọ̀rọ̀ ló tíì sọ. Àbúrò yín tó ti dúró, tí bọ́ọ̀sì wá fi í ṣe òkò lu ẹlòmíràn, ìkùnà wo ló ṣe? Níbi tí ẹ̀rí bá ti ti ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀bi ìkọlù méjèèjì máa lọ. Àmọ́ bó bá ti kan Camry kí bọ́ọ̀sì tó dé, òun á dáhùn fún ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì á dáhùn fún èyí tó fi kún un, kóòtù á sì pín ẹ̀bi náà bó bá ṣe tọ́ sí kálukú. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Panẹ́bítà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè pé kí ló kàn yín. Ó kàn yín. Iṣẹ́ yín ló ń ṣe, ẹja yín ló wà nínú mọ́tò; bí dírẹ́bà bá jẹ̀bi lẹ́nu iṣẹ́ tí a rán an, onímọ́tò jọ máa dáhùn ni. Ká ní ó yá mọ́tò lọ síbi ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí òfin yìí ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin náà: ẹ wá orúkọ ẹni tó ni bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ń lépa dírẹ́bà tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sùn nílé.

Láísẹ́ǹsì tó parí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní ìtanràn tiẹ̀. Kò sọ àbúrò yín di ẹni tó fa ìjàǹbá. Kó yára tún un ṣe, ẹ má sì fi pa mọ́ fún ìnṣọ́ráǹsì yín.

Ní ti third party, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹlòmíràn ló wà fún. Tiyín á tún ohun tí mọ́tò yín bà jẹ́ lára ẹlòmíràn ṣe, kò ní tún Sienna yín ṣe. Third party bọ́ọ̀sì ló máa tún Sienna ṣe, òun ló máa wo ọrùn ọmọṣẹ́ yín sàn, ẹja yín náà wà lára ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé ti mọ́tò ilé láti ₦5,000 lọ sí ₦15,000, tí iye tí wọ́n lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn sì di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ẹ lọ sórí NIID, àkójọ ìwé ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ gbogbo Nàìjíríà, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín síbẹ̀. Bí kò bá jáde, bébà lásán ni ọkùnrin yẹn tà fún yín. Ẹ tẹ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà.

Bàbá Ojú Pópó

Ẹ kú ewu, ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ojú ọ̀nà yín yẹn ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ mọ́tò mẹ́ta, ẹ gbàgbé ìkẹrin. Tírélà ló bí gbogbo ẹ̀! Ẹni tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín márosẹ̀ láìsí àmì lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe ohun tó lè pa odidi ìdílé, ó sì lè jẹ nínú ẹ̀bi yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sún kẹ́rẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe 122, nọ́ńbà pàjáwìrì Road Safety, lọ́jọ́ yẹn, àkọsílẹ̀ á wà. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì Road Safety tó wà lójú ọ̀nà náà.

Kí ni bọ́ọ̀sì wá ṣe tí kò fi rọ́nà dúró? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì bá wà láàárín ìwọ àti ẹni iwájú, mítà 56 nìyẹn, ìwọ̀nba tí a fi ń kọ́ni lójú ọ̀nà gbígbẹ sì ni. Lójú ọ̀nà tó tutù, kó di ìlọ́po méjì. Kí dírẹ́bà mú òpó kan lójú; bí ẹni iwájú bá ti kọjá rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú àáyá títí òun náà á fi dé ibẹ̀. Àwọn elérò wa kì í fi mítà mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n ní ẹlòmíràn á wọ ibẹ̀. Lọ́dọọdún ni eré àsápajúdé máa ń wà lókè nínú ohun tí àjọ wa ń kọ sílẹ̀ pé ó ń fa ìjàǹbá. Bí mo bá gbọ́ "ó dúró gbàgà lójú mi", mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ti sún mọ́ jù.

Ti ẹ̀yìn gbígbá yìí ṣì rọrùn. Àwọn tó gbà mí lómi lójú ni ti ojúkojú: ẹni tó gba one-way, ẹni tó yà sọ́tùn-ún sósì láti yọ tírélà sílẹ̀ lórí òkè tí kò ti rí iwájú. Ẹ̀bi irú ìyẹn kì í pẹ́ yọ, ẹni tó wà lójú ọ̀nà ẹlòmíràn ló ni ín, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òun gan-an kì í sí láyé mọ́ láti dáhùn. Ti oríta náà wà, níbi tí ẹni tó ti ojú ọ̀nà kékeré jáde kò ti dúró fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà ńlá. Ìyẹn ò ní wàhálà lọ títí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ "bíréèkì ló já". Ní June 28, ọdún 2018, táńkà epo ṣubú nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá l'Ékòó, iná jó ọkọ̀ tó ju 50 lọ, èèyàn sì kú. Ní January 29, ọdún 2023, kọ̀ńténà já bọ́ lórí bọ́ọ̀sì elérò ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹni mẹ́sàn-án ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló lo táyà tó ti dán lẹ́yìn. Lọ́yà á bá mi jẹ́rìí sí i: onímọ́tò tó bá ní bíréèkì já lójijì gbọ́dọ̀ mú ìwé àtúnṣe jáde, kó fi hàn pé òun ń bójú tó ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ. Bí kò bá rí i mú wá, àwáwí náà ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ẹ gbé ọmọ obìnrin yẹn lọ síbi tí wọ́n á ti yàwòrán ọrùn rẹ̀, lónìí. Ọrùn tí kò yí kì í ṣe nǹkan à ń fi aboniki pa. Ẹ gba ìwé dókítà. Ẹ sì rántí fún ọjọ́ mìíràn pé Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 20, kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì torí owó tàbí torí pé kò sí ìwé ọlọ́pàá.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Mo jẹ́rìí sí i, Bàbá. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú rẹ̀ hàn, torí òun nìkan ló mọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ bíréèkì wò kẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo lọ sí tẹ́ṣàn lánàá pẹ̀lú ọkọ mi, mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ sí ìwé owó, pé kí wọ́n pe VIO. Wọ́n kọ́kọ́ gbójú. Nígbà tí ọkọ mi dárúkọ òfin 2020 àti abala 32, ọ̀gá wọn jáde wá, ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. VIO dé láàárọ̀ yìí, wọ́n yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bíréèkì Sienna dára. Wọ́n ní táyà ẹ̀yìn méjèèjì bọ́ọ̀sì ti jẹ tán.

Ọ̀gá Camry dáhùn ìbéèrè Panẹ́bítà lójú gbogbo wa: ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ gbàà. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tó kọ fún ọlọ́pàá. Àtìgbà yẹn ló ti rọjú díẹ̀ sí wa.

Third party tèmi jáde lórí NIID, ẹ bá mi yọ̀. Ti bọ́ọ̀sì náà jáde, ó sì ṣì ní oṣù lórí. Wọ́n ya àwòrán ọrùn ọmọṣẹ́ mi, egungun ò ṣẹ́, dókítà fún un ní kọ́là ọrùn. Tírélà ni a ò tíì rí. Kí ni kí n ṣe tẹ̀lé e báyìí? Ṣé ọ̀dọ̀ ìnṣọ́ráǹsì bọ́ọ̀sì ni kí n lọ tààrà?

Panẹ́bítà Múṣín

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Tí wọ́n bá ti fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ fa á, ẹ má wà á. Rédíétọ̀ tó ń jò á jó ẹ́ńjìnnì.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Mo bá yín yọ̀. Ìnṣọ́ráǹsì tiyín lẹ kọ́kọ́ máa kọ lẹ́tà sí, lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ pẹ́. Ẹ sọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ jẹ̀bi tàbí pé ẹ ò jẹ̀bi. Bí ọ̀gá Camry bá tún wá bá yín, ẹ ní kó kọ ohun tó ń béèrè sílẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ sí ẹni tó ni bọ́ọ̀sì àti ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ìwé ọlọ́pàá, ìwé VIO, fọ́tò, iye tí oníṣẹ́ méjì dá lé Sienna, ìwé dókítà àti rìsíìtì ẹja tí ẹ rà lọ́jọ́ náà há a. Ẹ kọ ẹja sílẹ̀ lọ́tọ̀, iye tí ẹ rà á, má fi èrè sí i. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà sílé. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn láàárín oṣù kan, ẹ kọ sí mi níbí, ká jọ kọ sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì.